Àkísà Pupa Lójú Ọ̀nà Betpak

Àwa mọ́kànlélọ́gọ́ta la sọdá odò Ṣu láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn Kalmak ya wọ ilẹ̀ wa. Nínú gbogbo wa, ọkùnrin tó lè fa ọrun ò ju mọ́kànlá lọ. Obìnrin, arúgbó, àti àwọn ọmọ tí a dì mọ́ ẹ̀yìn ràkúnmí bí ẹrù ni ìyókù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa dúró sétí odò láti dá ọ̀tá dúró kí àwa lè ráyè sá. Baygara, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wà láàárín wọn. Jantas, ọmọ àbúrò ọkọ mi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A ń gun òkè lọ, à ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń fi orúkọ baba ńlá wa ké igbe ogun, "Akjol! Akjol!", títí atẹ́gùn fi gba ohùn wọn mọ́ wa létí.

Ulbosin lorúkọ mi. Ọkọ mi ni olórí agbo ilé wa kí ikú tó mú un ní ọdún méjì ṣáájú, nítorí náà orí ẹní rẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí a dúró lẹ́yìn òkè láti gbìmọ̀. Doskara ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ wa. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, olójú kan. Ọfà Kalmak ló fọ́ èkejì.

"Ọ̀nà méjì ló dé odò Sarisu tí à ń sá lọ," ó wí. "Ọ̀nà àwọn oníṣòwò dára, kànga mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe mọ̀ ọ́n ni ọ̀tá ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì ni Betpak."

 Betpak, aláìnítìjú, ni àwọn baba wa sọ ọ̀dàn náà, torí kì í tijú láti pa ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ márùn-ún ni, odò kan kò sì sí níbẹ̀.

"Ta ló mọ àwọn kànga ibẹ̀?" Doskara bèèrè.

"Èmi ni."

Esirkep, àbúrò ọkọ mi, bàbá Jantas, ló dáhùn. Láàárín wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ lójú wọn, nítorí náà Adẹ́rìn-ínpòṣónú ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé. Kò sí ilé ọ̀fọ̀ tó wọ̀ tí wọn ò ní rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Mo da ẹran gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí mo ṣì léyín," ó wí. "Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí ìdí ìkòkò. Ẹsẹ̀ ẹṣin kì í hàn lórí rẹ̀. Kalmak ò lè mọ ibi tí a gbà láéláé, àfi bí ẹnìkan nínú wa bá fi hàn wọ́n."

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ti ń sọ ọ́. Àwọn yòókù ló yíjú wo Kermen.

Kermen ni ìyàwó ọmọ mi. Ọmọ Kalmak ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àwọn ọkùnrin wa ti kó o lógun, tí Baygara sì fi í ṣaya. Ọmọ oṣù mẹ́rin ló gbé sáyà lọ́jọ́ náà. Ó ń sọ èdè wa, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ máa ń yọ̀ níbi tí tiwa bá ti dúró, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ ibi tó ti wá.

Doskara gbé búrẹ́dì kan kalẹ̀, ó fi ọ̀bẹ dábùú rẹ̀. "Kí kálukú wa búra. Ẹni tó bá fi ọ̀nà wa han ọ̀tá, kí búrẹ́dì yìí dúró sí i lọ́fun, kí ọ̀bẹ yìí má wọ àkọ̀ títí yóò fi mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

A tò, a ń fẹnu kan irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣọ́ ètè Kermen dáadáa. Ó fẹnu kàn án. Èmi ò ṣọ́ ètè ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kìíní lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà ìrúwé ni, òdòdó pupa ṣì wà káàkiri, òórùn ewé kíkorò tí àgùntàn ń jẹ gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, òdòdó tán. Ilẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, igi saksaul nìkan ló wà lórí rẹ̀, ó lọ́, ó gbẹ, bí ìka arúgbó. Ènìyàn á máa rìn láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, á sì dà bí ẹni pé ojú kan ló wà. A bu omi kànga àkọ́kọ́; ó korò, ṣùgbọ́n a mu ún.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì yẹn ni amí wa tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa sáré dé. Ó na ọwọ́ sí Doskara. Àkísà pupa kan ló wà níbẹ̀, ó gùn tó ìka méjì.

"Ara igi saksaul ni mo ti tú u," amí náà wí. "Ẹnìkan ló fọwọ́ so ó. Kókó rẹ̀ le."

Gbogbo ènìyàn dúró. Doskara gbé àkísà náà sókè síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi kígbe pé, "Ẹ wo apá ẹ̀wù rẹ̀!"

Ẹ̀wù pupa ni Kermen wọ̀. Etí apá òsì rẹ̀ ti ya.

"Ìdí ọmọ ni mo fi dì," Kermen wí. Ó ṣí ọmọ náà fún wa wò, lóòótọ́ aṣọ pupa wà nídìí rẹ̀. "Ẹ wò ó. Ohun tí mo ya kò ju èyí lọ."

"Ta ló mọ iye tí o ya?" obìnrin náà dá a lóhùn. "Kòkòrò tó ń jẹ irun àgùntàn, inú irun náà ló ń gbé. A ní ká bọ́ ọmọ ìkookò nílé, ó ti ń pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí!"

Doskara yọ sọ́dọ̀ mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbí. Mi ò ní pa á. Bó bá jẹ́ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀, wọ́n á gbé e."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ tiwa ni. Ká gbé e lọ."

"Ṣé ìwọ lo máa fún un lọ́mú?"

 Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ìfẹ́ Kermen ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà fura sí i. Mo rántí orin Kalmak tó máa ń kùn lábẹ́nu nígbà tó bá ń fún wàrà. Mo rántí bó ṣe máa ń wo ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ wà. Ohun tí n kò kà sí nílé rí di ẹ̀rí lọ́kàn mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dì í lọ́wọ́ méjèèjì, mo so ìjánu ràkúnmí rẹ̀ mọ́ ẹṣin mi, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé n ó máa tú u bí ọmọ bá fẹ́ mu ọmú, n ó sì tún dì í padà.

"Ìyá," ó wí, "okùn yẹn le jù."

"Á rọ̀ tí a bá dé odò."

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí mo bá tú u, tó sì na wàrà gbígbẹ sí ọmọdé kan, ìyá ọmọ náà á já a gbà, á sọ ọ́ sílẹ̀ fún ajá. Esirkep nìkan ló ń sún mọ́ ọn. Ó máa ń fi fìlà bu omi fún un, kì í sì í wò ó lójú. Mo rò pé àánú ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe ń tú u kí ọmọ lè mu, ó bá mi sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìyá, láti àná lọwọ́ mi ti wà nínú okùn. Ẹ padà sẹ́yìn lónìí, ẹ lọ wo ara igi. Bí ẹ bá rí àkísà tuntun, ẹ ó mọ̀ pé èmi kọ́. Bí ẹ ò bá rí i, kí Doskara ṣe ohun tó wù ú."

Mo wò ó títí. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Bí oòrùn ṣe kàn wá lórí, mo ní ìgò omi mi já bọ́, mo yí ẹṣin padà. Mo gba ẹ̀yìn òkè kékeré kan tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ojú amí wa kò dé. Kò pẹ́ tí mo fi rí ẹṣin kan tó dúró láìsí ẹni lórí rẹ̀, àti ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ sídìí igi saksaul.

Mo rò pé ó ń tọ̀ ni. Mo fẹ́ yí ojú kúrò. Ìgbà náà ni mo rí ohun pupa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Adẹ́rìn-ínpòṣónú! Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Esirkep fò dìde. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. 

"Ìyàwó wa, o ti rí mi."

"Aṣọ ta nìyẹn?"

"Aṣọ ìyá Jantas. Èyí tó wọ̀ wá ilé wa. Láti ọjọ́ tó ti kú ló ti wà nínú àpò gàárì mi. Kò sí ibi tí Jantas ti máa rí i tí kò ní mọ̀ ọ́n."

"Ẹ fẹnu kan ọ̀bẹ. Gbogbo wa la jọ búra!"

"Mo búra pé n kò ní fi ọ̀nà han ọ̀tá. Ṣé ọmọ mi lọ̀tá?"

"Ọ̀tá náà lójú!"

"Ó lójú." Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ìyàwó, bí àwọn ọmọ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ Kalmak, wọ́n á wá wa. Wọn ò mọ kànga kan nínú Betpak. Ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n á kú bí eṣinṣin. Kì í ṣe Jantas nìkan o. Baygara wà pẹ̀lú rẹ̀."

Ó dárúkọ ọmọ mi. Láti etí odò ni mo ti ń ti orúkọ yẹn mọ́nú, tí n kò jẹ́ kó jáde.

"A ti de ọmọbìnrin yẹn nítorí yín," mo wí, ṣùgbọ́n ohùn mi kò le mọ́.

"Mo mọ̀. Ẹ ó tú u nígbà tí a bá dé odò. Okùn kì í pa ènìyàn, ìyàwó. Òǹgbẹ ló ń pa ènìyàn."

Mo wo àkísà náà tó ń fì lẹ́lẹ́ lára igi. Ọwọ́ mi tó o. Mo lè tú u. Mo yí ẹṣin mi padà, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Doskara ti ń dúró dè mí. Kermen náà ń wò mí láti orí ràkúnmí, ọrùn rẹ̀ nà.

"Ìyá, ṣé ẹ rí nǹkan kan?" Doskara bèèrè.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ ti gbọ́!" ó pariwo sí àwọn yòókù. "A dì í lọ́wọ́, àkísà tán lójú ọ̀nà!"

 Kermen gbé ojú kúrò lára mi, ó tẹ orí ba ọmọ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin bá wa ní kànga kẹta, nínú àfonífojì kan tó jìn díẹ̀. Oòrùn kò tíì mú tí amí fi dé, tó ń tọ́ka sẹ́yìn. A gun etí àfonífojì náà lọ wò. Eruku ni. Ó jìnnà, ó ga, ó ń bọ̀ tààrà lórí ipa wa.

"Àwọn ọmọ wa ni!" ẹnìkan kígbe. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Èmi náà ti la ẹnu.

"Kì í ṣe wọn." Ohùn Kermen ni. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, òun náà ti gòkè dúró lẹ́yìn wa. "Ẹ wo eruku yẹn, ìlà mẹ́ta ni. Àwọn ènìyàn mi ni. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń fa ẹṣin méjì dání. Wọ́n á tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ yín kò ní ẹṣin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Doskara yọ idà. "O mọ àwọn ènìyàn rẹ láti òkèèrè! O ti pè wọ́n, wọ́n sì ti dé!"

Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ni mo kàn ń fà mọ́ra. Esirkep ló gba iwájú mi kọjá. Ó bọ́ sáàárín idà àti Kermen, ó fa ìyókù aṣọ pupa náà yọ láti àyà, ó jù ú sílẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ń so ó. Ọmọ mi ni mo ń pè, àwọn aládùúgbò ló jẹ́ ẹ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, ojú kan ṣoṣo tó kù fún Doskara ti pọ́n.

"Ta ló mọ̀ sí i?"

Esirkep wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. "Ẹṣin mi. Bi í, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ọ̀bẹ tí ẹ fẹnu kàn ń dúró dè yín, Bàbá."

"Jẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i. Bí o bá pa mí níbí, arúgbó kan lo pa, Kalmak á sì tún dé. Fún mi ní ẹṣin mẹ́rin. Màá so ẹ̀ka saksaul mọ́ ìdí wọn, eruku mi á jọ ti agbo ilé kan. Ẹ̀yin ẹ dúró nínú kòtò yìí, ẹ má mira. Màá máa so aṣọ yìí lọ síhà ìlà-oòrùn, títí wọnú ẹrẹ̀ iyọ̀."

Gbogbo wa la mọ ẹrẹ̀ iyọ̀ náà. Ojú rẹ̀ funfun, ó le bí ilẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ a máa gbé ẹṣin mì tòun ti gàárì.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò ní lọ bá wọn?" Doskara bèèrè.

"O ò lè mọ̀. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n bí a bá mu ún jù, ó ń di májèlé. Ẹṣin mẹ́rin, ọmọ mi. Eruku yẹn ò dúró."

Doskara fún un. Kí Esirkep tó gun ẹṣin, ó sọ ọ̀nà fún wa, ó ní ká máa fi òkè olórí méjì sọ́wọ́ òsì. Ó wá dúró níwájú Kermen, ó fi ọ̀bẹ gé okùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó kékeré, èmi ni mo dè ọ́. Àwọn yòókù ló kàn mú okùn."

Kermen ń ra ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ má gba àárín," ó wí. "Bí ẹ bá dé ibi iyọ̀, etí rẹ̀ ni kí ẹ gbà."

"Bí mo bá gba etí, àwọn náà á gba etí," Esirkep wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

A dùbúlẹ̀ sínú àfonífojì. A fi aṣọ di ẹnu àwọn ràkúnmí. Mo rí eruku rẹ̀ tó ń ga lọ síhà ìlà-oòrùn, mo sì rí eruku ńlá náà tó dúró, tó yí, tó tẹ̀ lé e. Kalmak mẹ́ta nìkan ló yà wá bu omi ní kànga wa. Doskara àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ dìde sí wọn láti abẹ́ àpáta. Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń mu abọ́ wàrà kan tó fi parí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú, ọkùnrin wa kan sì kú, amí tó kọ́kọ́ rí àkísà.

Ọjọ́ kẹfà la dé Sarisu. Esirkep kò dé.

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ létí odò, ó ń fa ẹṣin arọ kan. Jantas ni. Ó rù débi pé mi ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà àwọn oníṣòwò ló gbà. Kò fi ojú kan Betpak rí.

Ó bọ́ ìgbànú kan kúrò lára, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ìgbànú Baygara ni. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni, létí odò Ṣu, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Kí àkísà kankan tó di síso lára igi, ọmọ mi ti kú.

Nígbà tí a sunkún tán, ó wo àyíká. "Bàbá mi dà?"

Doskara wolẹ̀.  Èmi mú ìgbànú dání, n kò lè gbórí.

"Òun ló mú wa gba Betpak kọjá," Kermen ló dáhùn, pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ tó ń yọ̀. "Gbogbo kànga ló mọ̀. Nígbà tí ọ̀tá bá wa, ó fi eruku ara rẹ̀ fà wọ́n lọ sínú iyọ̀. Bí kò bá sí i, o kì bá tí bá ẹnikẹ́ni nínú wa láàyè."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ mi?"

"Láti àárọ̀ dálẹ́ ló ń retí rẹ."

Jantas yíjú sí mi, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. "Bẹ́ẹ̀ ló rí," mo wí. Doskara náà wí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ohun mìíràn fún un títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo bá Kermen níbi tó ti ń fún wàrà ẹṣin, mo gbé ọmọ dání. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tí a ti dé.

"Kermen, nígbà tí mo padà sẹ́yìn lọ́jọ́ kẹta, mo rí i. Mo rí Esirkep pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ náà, mo sì jẹ́ kí o wà nínú okùn mọ́jú."

Ó fún wàrà náà tán. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀wù.

"Mo mọ̀, Ìyá. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹ ò ti lè wò mí lójú mọ́."

Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó jókòó sórí koríko, ó sì fún un lọ́mú.